Ẹ̀yin Lẹ Gbowó Tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́wọ́ Rẹ̀

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni ọjọ́ méje tí wọ́n fún Baba onítíì Pósọ́fíìsì láti kó ìsọ̀ rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó wó o yóò pé. Kò sí ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá ní Ìlọrin tí kò tíì rí ọ̀dà pupa tí wọ́n fà sára pákó ìsọ̀ rẹ̀, nítorí náà a ò ní tún ìtàn rò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ní, kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí a ó sọ ọ́ lójú ewé yìí: ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ ọlọ́jà lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ jí lọ́jọ́ kan kó ní òun ò mọ̀ pé ọlọ́jà náà wà níbẹ̀.

Baba ní agolo mílíìkì òfìfo kan lábẹ́ tábìlì. Inú rẹ̀ ló ń kó tíkẹ́ẹ̀tì owó ojoojúmọ́ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sí. Nígbà tí akọ̀ròyìn wa dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó da agolo náà dé sórí bẹ́ńṣì. Àwọn kan ti pọ́n, tíì ti ta sí òmíràn, àwọn mìíràn ti lẹ̀ mọ́ra wọn, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ hàn kedere lára wọn. Ẹni tó bá ní ìsọ̀ yìí kò bófin mu, kó kọ́kọ́ sọ fún wa irú owó tí wọ́n ń gbà lórí ohun tí kò bófin mu.

Ẹ dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ wo ohun tí wọ́n fẹ́ wó. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ló ń kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ọlọ́kadà, nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti iṣẹ́ òru, awakọ̀ tó fẹ́ gba ọ̀nà Jẹ́bà. Bẹ́ńṣì méjì, tábìlì kan, kẹ́tùlù dúdú kan tí kì í kúrò lórí èédú. Baba á ro mílíìkì sísàlẹ̀ ife, á da tíì gbígbóná lé e, á gbé ife náà ga ju orí rẹ̀ lọ, á wá máa dà á sínú èkejì nísàlẹ̀, lọ bọ̀, lọ bọ̀, títí á fi hó yeye. Ẹni tí oorun ń kùn á ní kọfí lòun fẹ́. Búrẹ́dì oníbọ́tà wà, ẹyin díndín alálùbọ́sà wà. Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Nupé, Bàrùbá, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń jókòó sí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pé á ní, "Baba, ẹ bá mi kọ ọ́." Baba kò sì ní ìwé kankan. Orí ló ń kó o sí.

Wọ́n ní ìsọ̀ kọfí ìgbàlódé, onígíláàsì, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ló yẹ ojú títì náà. Ta ló bá kọfí jà? Kàbà tí wọ́n ti ń gbin kọfí, abẹ́ Kwárà níbí ló wà kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ lọ́dún 1991. Kí wọ́n kọ́ ti ìgbàlódé, àyè pọ̀ ní Ìlọrin.

Òótọ́ kan wà lọ́wọ́ wọn. Bẹ́ńṣì kejì ti yọ sórí gọ́tà, a sì fojú ara wa rí i. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni fún káfíńtà láti fà á sẹ́yìn, Baba sì ti ní òun ṣe tán.

Ìwé Òfin ọdún 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi àkóso ṣọ́ọ̀bù, kìọ́ọ̀sì àti ilé oúnjẹ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n fi àkóso lé lọ́wọ́ á kọ lẹ́tà, á fọwọ́ sí i, á sì fi ibòmíràn han ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò. Baba kò rí lẹ́tà, ọ̀dà ló rí. Nígbà tí a béèrè ẹni tó pàṣẹ, ọ́fíìsì kan ní ká lọ bi èkejì, èkejì ní ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó, ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́, nígbà tí wọ́n bá ti wó o tán? Ṣé ọ̀dà náà ló dìde fúnra rẹ̀ tó lọ fa ara rẹ̀ sára pákó ni? Ó tó gẹ́ẹ́!

Kí wọ́n fún Baba láyè láti fa bẹ́ńṣì rẹ̀ sẹ́yìn, kó sì máa tajà rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ní dandan ni kó kúrò, kí wọ́n fi ibì kan hàn án ní Pósọ́fíìsì níbẹ̀, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ lè fẹsẹ̀ rìn dé, kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Kí ẹni tó fa ọ̀dà náà sì jáde síta, kó sọ orúkọ ara rẹ̀, kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ nù ún kúrò.