Ìdènà Iwájú La Gare, Ẹ Jẹ́ Kó Ṣeé Jókòó Lé

Fọ́tò kan ló dá ariwo sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wa. Ọmọ kan tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ló na fóònù ẹ̀ sí wa, ó ní ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe síwájú ilé rélùwéè Flinders Street ní Melbourne, lọ́hùn-ún ní Ọsirélíà. Ilé àtijọ́ ni, 1910 ni wọ́n parí ẹ̀, ó rẹwà, òrùlé rìbìtì wà lórí ẹ̀, aago tò lókè ẹnu ọ̀nà ẹ̀ débi pé tí ará ìlú bá fẹ́ dá ìpàdé fúnra wọn, "abẹ́ aago" ni wọ́n máa ń sọ, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé aago wo. Àmọ́ nínú fọ́tò yẹn, tí ojú èèyàn bá ti kúrò lára aago tó wá sílẹ̀, búlọ́ọ̀kù kọnkéré gìdìgbà gìdìgbà ló máa rí, wọ́n tò bí eyín tó fẹ́ jábọ́. Ẹnì kan láàárín wa ní nǹkan yìí burú o, ẹlòmíì ní kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe, ṣé kí mọ́tò máa wọ́ èèyàn pa ni, bí a ò ṣe ṣiṣẹ́ mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Ẹni tó ní kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe ò jẹ̀bi o. Ní January 20, 2017, ọkùnrin kan wa mọ́tò wọ àárín èrò ní Bourke Street ní ìlú yẹn kan náà, èèyàn mẹ́fà ló kú. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, ní July 14, 2016, lọ́rì tọ́ọ̀nù 19 ló wọ àárín àwọn tó ń ṣe fẹ́ẹ̀tì létí òkun ní Nice, ní Faransé, èèyàn 86 ni wọ́n sin. Torí ẹ̀ ni ìjọba Melbourne ṣe kó búlọ́ọ̀kù jáde ní June 2017, kíá kíá, bí ẹni ń pa iná. Ojú àwọn ará ìlú ò gbà á ṣá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọṣọ fún búlọ́ọ̀kù, àní wọ́n rán aṣọ aláràbarà sí i lọ́rùn, àwọn míì gbé ọ̀dà wá. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìdènà tí aráàlú ní láti wá aṣọ fún, ìhòòhò ni wọ́n bí i.

Ẹ máa ní kí ló kan ará Àjàṣẹ́, Porto-Novo ní Benin níbí, níbẹ̀. A ní la gare tiwa, ilé rélùwéè là ń pè bẹ́ẹ̀. Ojú irin tó ti Kútọnu wá síbí, tó gba Sakété kọjá lọ dé Pobè, òun ló ń kó èèyàn àti ẹrù àwọn ìyá wa nígbà kan, OCBN, ilé iṣẹ́ rélùwéè Benin àti Niger tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, ló ń bójú tó o. Ó ti pẹ́ tí fèrè ẹ̀ ti dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà, wọ́n á ṣe ìró ẹ̀ fún yín lẹ́nu. Tí wọ́n bá wá dìde lọ́la pé àwọn fẹ́ tún ilé rélùwéè àtijọ́ kan ṣe ní orílẹ̀-èdè yìí, ì báà jẹ́ tibí, ì báà jẹ́ ti Sabẹ lójú ọ̀nà Parakou, ẹ fi ọkàn sí i pé àwọn tó ń rí sí ààbò máa ní ká gbé ìdènà síwájú ẹ̀. Àwọn agbébọn ń da Alibori àti Atacora láàmú lápá àríwá Benin, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ̀rù ò ba òun. A ò lòdì sí ìdènà. Ohun tí a lòdì sí ni kí wọ́n kàn lọ kó búlọ́ọ̀kù dà síwájú ilé tó ti dàgbà ju gbogbo wa lọ, kí wọ́n gbọnwọ́ nù, kí wọ́n ní ààbò ti dé. Bí a bá ń sunkún, a ṣì máa ń ríran.

A ti mọ bí ìyẹn ṣe ń rí. Ọ́fíìsì kan wà ládùúgbò wa, a ò ní dárúkọ ẹ̀, búlọ́ọ̀kù mẹ́fà ló wà níwájú ẹ̀. Etí ọ̀kan ti fọ́, irin inú ẹ̀ ti yọ síta bí egungun ẹja, ó ti fa aṣọ ìyá tó ń dín àtá, àkàrà wa, níbẹ̀ ya lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá yìí máa ń gbé abọ́ àtá ẹ̀ ka orí búlọ́ọ̀kù kejì, gáàdì á lé e, á gbé e kúrò, tó bá ṣe díẹ̀ gáàdì fúnra ẹ̀ á wá ra àtá, abọ́ á padà sórí búlọ́ọ̀kù. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn wá tó ti àlàfo. Àárín búlọ́ọ̀kù kẹta sí ìkẹrin, zẹ́mì, alùpùpù tó ń gbé èrò, ń gbabẹ̀ kọjá láì tẹ bíréèkì, tòun ti ẹni tó gbé sẹ́yìn àti àpò sìmẹ́ńtì lórí itan ẹni náà. Àárín ìkẹrin sí ìkarùn-ún wá há débi pé bàbá kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e mọ́, tó ń fọwọ́ wa kẹ̀kẹ́ ẹ̀, kò lè gbabẹ̀, àfi kó bọ́ sí títì láàárín àwọn ọkọ̀ ẹrù ńlá tí a ń pè ní títáànì. Ìdènà tó ń dá aláìsàn dúró tó ń jẹ́ kí alùpùpù kọjá, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?

Nǹkan tó sì yẹ kí wọ́n ṣe ò fara sin. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí àlàfo òpó kan sí èkejì má ju mítà 1.2 lọ, mọ́tò ò ní lè wọlé, kẹ̀kẹ́ aláìsàn àti ìyá tó gbọ́mọ pọ̀n tó tún ru ẹrù á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Téèpù ni wọ́n fi ń wọn ìyẹn, kò gba dókítà.

Ẹ tún gbọ́ èyí, òun ló yà wá lẹ́nu jù nígbà tí a ń wádìí. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kàn gbé kalẹ̀ lásán, tí kò ní gbòǹgbò, kì í sábà dá lọ́rì dúró. Ní 2017, wọ́n dán an wò ní Jámánì, wọ́n jẹ́ kí lọ́rì kọlu irú kọnkéré tí wọ́n ń tò sí ẹnu ọ̀nà ọjà Kérésìmesì, lọ́rì gbá a dànù, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Ẹ rò ó wò, nǹkan tí ẹ gbé wá láti gba èèyàn là ló di òkò yẹn. Òpó irin kúkúrú tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ rì mọ́lẹ̀ dáadáa, tí ẹ ò tiẹ̀ ní kíyè sí tí ẹ bá ń kọjá, ló ń ṣiṣẹ́. Ní June 30, 2007, àwọn méjì kó gáàsì sínú Jeep, wọ́n fẹ́ fi ya ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú Glasgow wọlé, òpó ẹnu ọ̀nà ló dá a dúró, èrò tó kún inú ilé yẹn ò jóná.

Kó tó kan òpó pàápàá, ọ̀nà ni. Mọ́tò tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí, agbára tó máa fi gbá nǹkan kì í ṣe ìlọ́po méjì tẹni tó ń sá 30, ìlọ́po mẹ́rin ni. Torí náà tí ọ̀nà tó wọ iwájú la gare bá rọ́, tí igi wà níbẹ̀, tí dos d'âne méjì, òkè kékeré tó ń dín eré mọ́tò kù, wà níbẹ̀ (dos d'âne gidi o, kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò fi erùpẹ̀ mọ), òpó ò ní láti tóbi bí ìtí ọ̀pẹ. Ojú ilé náà á wà lófìfo. Èèyàn lè yàwòrán ìgbéyàwó níbẹ̀.

Ẹ sì wò ó, ìdènà ò ní láti jọ ìdènà rárá. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń wọ jẹ́sì Arsenal kiri àdúgbò Ouando, ṣé wọ́n mọ̀ pé lẹ́tà kọnkéré ńláńlá tí wọ́n fi kọ orúkọ kúlọ́ọ̀bù yẹn síwájú pápá Emirates, mọ́tò ni wọ́n fi ń dí lọ́nà? Ní Wall Street ní New York náà, bàbà ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n gé e ní igun igun, àwọn òṣìṣẹ́ ń jókòó lé e jẹun ọ̀sán, kò sẹ́ni tí àyà ẹ̀ ń já.

Àmọ́ kí la tiẹ̀ ń wá lọ sí New York. Kétu wà níbí. Àkàbà Ìdènà, orúkọ ẹ̀ gan-an ni Ìdènà, ẹnu ibodè tí àwọn baba wa kọ́ láti fi gba ìlú lọ́wọ́ ogun, odi wà, yàrà wà, ilẹ̀kùn ń bẹ níwájú, òmíràn ń bẹ lẹ́yìn. Ogun Dànhọ̀mẹ̀ ṣì padà sọ Kétu di ahoro ní 1886, a ò ní sọ pé bodè yẹn ṣe ohun tí ẹ̀dá ò lè ṣe. Ṣùgbọ́n òní ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ń mú àlejò lọ wò. Ẹnikẹ́ni ò gbé aṣọ lọ bò ó. Ibi ààbò ni, ó tún jẹ́ ibi tí ìlú ti ń sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún àlejò. Ní Àjàṣẹ́ níbí ńkọ́, Zangbeto tó ń ṣọ́ ìlú lóru, ṣebí ó ń jó, ṣebí ó wọ raffia aláwọ̀ mèremère, ṣebí àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e tó bá jáde lọ́sàn-án. Ọlọ́dẹ ni o. Àwa táa ní irú ọlọ́dẹ yẹn, ta ló kọ́ wa pé ààbò gbọ́dọ̀ burẹ́wà?

Ẹni tó bínú jù nínú àríyànjiyàn wa ní owó ńkọ́, ó ní búlọ́ọ̀kù ò wọ́n, òpó tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ wọ́n, ẹ̀yin tó ń wá ẹwà ẹ máa san án. Òótọ́ ni pé ó wọ́n. Wáyà iná wà nílẹ̀, páìpù omi wà nílẹ̀, ẹni tó bá máa gbẹ́ ilẹ̀ níwájú ilé àtijọ́ ní láti rọra, gbogbo ẹ̀ ló ń gba owó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra búlọ́ọ̀kù lónìí, á tún sanwó kírénì tó máa kó o kúrò tí ojú bá tì wá tán, òpó yẹn á sì tún rà níkẹyìn. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kó yáa ṣe é.

Ó ku ti kọ́kọ́rọ́. Láàárín àwọn òpó yẹn, ó gbọ́dọ̀ ní èyí tó ṣeé yọ, kí ọkọ̀ àwọn panápaná àti ọkọ̀ aláìsàn lè wọlé. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe. Kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ ọ̀gá kan, ọ̀gá á ti lọ Kútọnu, fóònù ẹ̀ ò ní lọ, ilé á máa jó. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó di pé wọ́n da kọnkéré, pé lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà, ta ni ìkejì ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, lóru ńkọ́.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Tí ọjọ́ yẹn bá dé, ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ mérì àti àwọn tó ń yàwòrán ilé ò pọ̀: kí wọ́n má kọ́kọ́ gbé kọnkéré dé. Ẹfun ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá. Kí wọ́n fi sàmì sílẹ̀, òpó kan rèé, òmíràn rèé, ibi tí igi máa wà rèé, ibi ìjókòó rèé, kí wọ́n wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ ọjà Àjàrá méjì á fi kọjá, kí wọ́n jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ kí wọ́n wo ibi tí àwọn aláàárù ń gbà, ibi tí zẹ́mì ń dúró sí, ibi tí oòrùn kì í dé lọ́sàn-án. Bàbá tó ń fọwọ́ wa kẹ̀kẹ́ yẹn, kí wọ́n ní kó wa á kọjá níṣojú wọn. Kí wọ́n sì pe ìyá tó ń dín àtá yẹn, ó ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé tí wọ́n bá máa ṣe é, kó má ga ju orúnkún òun lọ, kí orí ẹ̀ sì tẹ́jú.