Ta ló sọ pé bí àrùn bá ti ń pẹ́ ló ń rọ̀?

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ló sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà tí wọ́n ń fún àwọn àgbà nígbà òtútù là ń sọ, mo wá bi wọ́n bóyá màmá wọn, tí wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ti lọ gbà á. Wọ́n ní kí n fi màmá sílẹ̀ jàre. Wọ́n ní kò sí fáírọ́ọ̀sì tí kì í rọ̀ bó bá ti ń yí padà, pé kò ní í fẹ́ pa ẹni tó ń gbé lára rẹ̀, pé ṣebí gbogbo wa la rí bí Omicron, ẹ̀yà Kòrónà tó jáde ní 2021, ṣe rọ̀. Àwọn tó jókòó tì wá ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú bí mi débi pé oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi mọ́, nítorí nọ́ọ̀sì ni mí, wáàdù Kòrónà ni mo sì wà ní January 2021.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Theobald Smith, ti ń sọ pé àrùn àti ẹni tó ń bá jà máa ń mọ́ ara wọn lára bó bá yá. Ó dùn-ún gbọ́, ó sì ń fini lọ́kàn balẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kó kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ẹlòmíràn á ní àwọn kòrónà yòókù, àwọn tó ń fa ọ̀fìnkìn lásán, ti rọ̀ tipẹ́. Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ara ènìyàn, tó wá mọ bí wọ́n ṣe le tó nígbà náà? Ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì kò ní ọkàn, kò sì ní ètekéte. Bó bá ti wọ sẹ́ẹ̀lì wa, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò ju pé kí sẹ́ẹ̀lì náà máa da àbùdá rẹ̀ kọ lọ, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, tí lẹ́tà rẹ̀ tó nǹkan bí 30,000. Àdàkọ kò lè ṣàìní àṣìṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe yẹn kì í mú nǹkan kan wá, òmíràn ń ba fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀kan máa ń jẹ́ kó tètè ràn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, irú ìyẹn ló sì ń gba ìgboro. Bí àṣìṣe kan náà bá tún sọ ọ́ di apààyàn, kò kàn án. Bó bá sọ ọ́ di ẹlẹ́rọ̀, kò kàn án bákan náà.

Ibi tí àwọn tó ní kò lè pa ẹni tó gbé e ti ṣìnà nìyí: ìgbà tí Kòrónà ń ràn àti ìgbà tó ń pani yàtọ̀ síra. Ó ti máa ń ràn ní bí ọjọ́ méjì kí àìsàn tó hàn lára ẹni, ó sì máa ń ràn gan-an láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ara kọ́kọ́ ń ṣe ènìyàn. Ẹni tó máa kú nínú wọn, ọ̀sẹ̀ kejì ni, tàbí ẹ̀kẹta, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tọ́jú awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan nígbà náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ẹ̀rọ lè máa bá a mí, ìyàwó rẹ̀ pè wá lórí fóònù, ohùn obìnrin náà já gaara. Òun náà ti kó o, àwọn ọmọ wọn méjèèjì ti kó o, ara gbogbo wọn sì ti yá. Fáírọ́ọ̀sì tó wà lára ọkùnrin yẹn ti kárí ilé rẹ̀, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ, kó tó di pé wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tó kú, fáírọ́ọ̀sì kò pàdánù ohunkóhun. Kí ni yóò wá mú un rọ̀?

Alpha lorúkọ ẹ̀yà Kòrónà tó kún wáàdù wa nígbà yẹn. Inú oṣù September 2020 ló ti wà ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìyípadà ara rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà ní ipò 501 lára ṣóńṣó tó fi ń di sẹ́ẹ̀lì mú, èyí tó jẹ́ kó lè lẹ̀ mọ́ ACE2, ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé, ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n sọ fún wa pé kò sí ẹ̀rí pé ó ń pani ju ti àtijọ́. Àwa tó wà nídìí bẹ́ẹ̀dì ti ń wojú ara wa. Nígbà tó yá, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Exeter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn to àwọn tí àyẹ̀wò wọn fi Kòrónà hàn ní méjì-méjì: ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin, obìnrin pẹ̀lú obìnrin, agbègbè kan náà, ọ̀kan ní Alpha, èkejì ní ti àtijọ́. Nínú 54,906 tó ní Alpha, 227 ló kú. Nínú iye kan náà tó ní ti àtijọ́, 141. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Lẹ́yìn Alpha ni Delta, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Íńdíà. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìyípadà kan lára rẹ̀, torí òun gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kí fáírọ́ọ̀sì yìí tó lè wọlé dáadáa, wọ́n gbọ́dọ̀ gé ṣóńṣó rẹ̀ sí méjì, ohun tó sì ń bá a gé e wà nínú ara wa, furin ni wọ́n ń pè é. Ipò 681 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti ń gé e. Delta yí ipò yẹn padà, gígé náà wá rọrùn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bá kó o sì máa ń lẹ̀ pọ̀ mọ́ra gìrìrì. Àwọn onímọ̀ ní Jàpáànù mú ìyípadà kan ṣoṣo yẹn, wọ́n fi sára fáírọ́ọ̀sì àtijọ́, wọ́n fi ran àwọn eku hamster, àìsàn àwọn eku náà sì le ju ti àwọn tó kó fáírọ́ọ̀sì tí wọn kò fọwọ́ kàn. Lẹ́tà kan péré nínú nǹkan bí 30,000 ni wọ́n yí. (Àwọn onímọ̀ wa ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ náà rí ìyípadà mìíràn ní ipò 681 yìí kan náà, lára fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà lára àwọn aláìsàn ní Ọ̀ṣun lọ́dún 2020, kí Delta tó gbayé kan. Àwọn náà ló kọ́kọ́ ka àbùdá Kòrónà já nílẹ̀ Áfíríkà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni mò ń sọ.)

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ewu kí ẹni tó kó Delta di èrò ọsibítù tó ìlọ́po méjì ti ẹni tó kó Alpha. Ìyípadà ńlá méjì tó tẹ̀ léra wọn nìyẹn, kò sì sí ìkankan nínú méjèèjì tó rọ̀.

Wọ́n á wá ní Omicron ńkọ́? Ó dáa. Omicron kì í ṣe ọmọ Delta. Ẹ̀ka rẹ̀ ti yà kúrò lára àwọn yòókù láti àárín ọdún 2020, kí Delta tó délẹ̀ rárá, ó sì wà níbi tí kò sẹ́ni tó rí i títí àwọn onímọ̀ ní Bòtswánà àti Gúúsù Áfíríkà fi tú u fó ní November 2021. Ẹni tó bá ní Delta ló rọ̀ tó di Omicron kò mọ ìtàn ìdílé wọn. Ìyípadà tó wà lára ṣóńṣó rẹ̀ lé ní 30. Àwọn yẹn jẹ́ kó lè yọ́ kọjá lára ààbò tí abẹ́rẹ́ àti àìsàn àtẹ̀yìnwá fún wa, wọ́n sì yí ọ̀nà tó ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì padà. Ní Yunifásítì Hong Kong, wọ́n fi í sí ara ẹran ọ̀nà atẹ́gùn tí wọ́n gbà lára ènìyàn: láàárín ọjọ́ kan ó bí sí i níbẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 70 ju Delta àti ti àtijọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n fi í sí ẹran ẹ̀dọ̀fóró, bíbí rẹ̀ fi ju ìlọ́po mẹ́wàá kéré sí ti àtijọ́. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ó rọ ẹ̀dọ̀fóró lọ́rùn. Ohun tó sọ ọ́ di ọba ìgboro ni pé ó ń ràn, ó sì ń yẹ ààbò wa sílẹ̀. Rírọ̀ yẹn kàn bá a wá ni.

Kò tilẹ̀ rọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ọdún méjì gbáko ni Hong Kong fi dí Kòrónà lọ́nà, 213 péré ló sì kú níbẹ̀ títí di ìparí 2021. Omicron wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Láàárín oṣù mélòó kan, ó pa ju 8,000 lọ. Fáírọ́ọ̀sì kan náà tí àwa ní Lọ́ńdọ̀nù ń pè ní ọ̀fìnkìn ni o! Àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ ló pa jù. Ní Gauteng, ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ìròyìn pé ó rọ̀ ti kọ́kọ́ jáde, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn pé ó ju 70 lọ nínú 100 ènìyàn tí ara wọn ti mọ Kòrónà kó tó di pé Omicron gba ibẹ̀. Ara wọn ti mọ̀ ọ́n nítorí pé Delta àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti jà wọ́n, wọ́n sì ti sin òkú wọn.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù ni pé ọmọ Yorùbá ló ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwa tí bàbá wa kì í dárúkọ Ṣọ̀pọ̀nná ní gbangba, tí wọ́n ń pè é ní ilẹ̀ gbígbóná! Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni àrùn yẹn fi bá ènìyàn gbé, síbẹ̀, ní ọ̀rúndún ogún, bí ẹni 30 nínú 100 tó kó ògidì rẹ̀ ló ṣì ń pa. Ó ní ẹ̀ka kan tó rọ̀, tí kì í pa ju bí ẹyọ kan lọ nínú 100, ṣùgbọ́n ẹ̀ka yẹn kò lé èyí tó le kúrò nílẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló lé e, tí àjọ ìlera àgbáyé fi kéde lọ́dún 1980 pé ó ti tán láyé. Ẹ bi àwọn tó ń sin adìyẹ léèrè nípa àrùn Marek, tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, pẹ̀lú: nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1907, ẹsẹ̀ adìyẹ ló ń rọ. Lónìí, ẹni tí kò bá fún òròmọdìyẹ lábẹ́rẹ́ rẹ̀ lè kó òkú gbogbo wọn.

Àwọn tó kàwé nínú wọn máa ń mú ehoro ilẹ̀ Ọsirélíà wá, pé fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n fi pa wọ́n lọ́dún 1950 ń pa ju 99 lọ nínú 100 nígbà náà, ó sì wá rọ̀. Ó rọ̀ dé àárín ló dúró. Nígbà tí ehoro náà wá le sí i, fáírọ́ọ̀sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í le padà. Kí wọ́n máa ka ìtàn náà tán.

Mi ò sọ pé dandan ni kí èyí tó ń bọ̀ burú. Ó lè rọ̀, ó lè le, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ̀yà Kòrónà kan wà tó rọ̀ lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀. Ní Singapore, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, wọ́n rí èyí tí lẹ́tà 382 ti já kúrò nínú àbùdá rẹ̀. Nínú àwọn 29 tó jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n bá lára wọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí èémí rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé yóò nílò ọ́síjìn. Nínú 92 tó ní èyí tó pé, 26 ni wọ́n nílò rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé rírọ̀ ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì lékè, òun ni ì bá gbayé kan. Ìjọba ibẹ̀ ń wá àwọn aláìsàn kiri, wọ́n ń sé wọn mọ́lé, ìyẹn náà wà lára ohun tó pa á. Lẹ́yìn oṣù March ọdún yẹn, wọn kò rí i mọ́. Èyí tó pé, tó ń gba ọ́síjìn lọ́wọ́ ènìyàn, òun ló wọ ọkọ̀ òfuurufú dé ọ̀dọ̀ wa.