Prom ìpàdé wa: ṣé alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni tàbí alẹ́ ọjọ́ Sátidé?

Olùbéèrè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹ̀yin ará. Ìpàdé àwa transgender, ìyẹn àwa tí irú ẹni tí a jẹ́, ọkùnrin tàbí obìnrin, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kà wá sí nígbà ìbí, yóò gba ọjọ́ mẹ́ta ní Atlanta, a sì ti fẹnu kò pé a ó ṣe prom, ìyẹn ijó àṣálẹ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama Amẹ́ríkà máa ń jó kí wọ́n tó jáde. Ọ̀pọ̀ wa ni kò jó tiwa nígbà náà, nítorí pé aṣọ tí wọ́n ní kí á wọ̀ kì í ṣe aṣọ irú ẹni tí a jẹ́. Gáùn gígùn tàbí kóòtù dúdú ni dandan, a ó sì dé ọba àti olorì ijó ládé. Òtẹ́ẹ̀lì ní àyè lálẹ́ Jímọ̀ àti lálẹ́ Sátidé: èwo ni kí á mú?

Ará Houston: Sátidé. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń wakọ̀ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn rí oorun sùn.

Àbúrò Wọn: Ọ̀rọ̀ "dandan" ni mo rí, mi ò ka ìyókù mọ́. Ilé-ìwé mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di dandan pé kí n wọ gáùn. Ọkùnrin ni mí, nítorí náà ilé ni mo jókòó sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣé àwa náà ni yóò wá dúró lẹ́nu ọ̀nà báyìí, tí a ó máa wo aṣọ ara wa látòkè délẹ̀?

Onígáùn: Àbúrò mi, fara balẹ̀ gbọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni gáùn mi fi wà nínú àpò lábẹ́ ibùsùn, òru nìkan ni mo sì ń wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn títì. Lálẹ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jáde, ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rẹ́ mi ló bá mi fa síìpù ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló múra níbẹ̀, kò sí ẹni tó ṣẹ́jú sí mi. Bí a bá ní kí oníkálukú wọ ohun tó wù ú, ṣòkòtò jíǹsì ni wọn yóò wọ̀ wá, ẹni tó wọ gáùn yóò sì dà bí eégún tó já sáàárín ọjà.

Àbúrò Wọn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Mo lọ yá kóòtù lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó fẹ́ wọn àyà mi wo káàdì ìdánimọ̀ mi, ó wo ojú mi, ó ká téèpù rẹ̀, ó sì lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

Olùkọ́ Ìtàn: Irú ijó yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1869 ni Hamilton Lodge, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Harlem ní New York, ti ń ṣe tiwọn, tó fi di pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń lọ wo àwọn ọkùnrin tó wọ gáùn níbẹ̀ láàárín 1920 sí 1930, nígbà tí òfin ṣì lè mú ènìyàn nítorí aṣọ. Ní Atlanta níbí, 1991 ni Southern Comfort, ìpàdé ọdọọdún àwọn transgender, bẹ̀rẹ̀. Robert Eads, ọkùnrin transgender tí jẹjẹrẹ inú ibi ẹyin ń bá jà, tí dókítà tó lé ní ogún kọ̀ láti tọ́jú, ṣì lọ síbẹ̀ pẹ̀lú olólùfẹ́ rẹ̀ ní 1998. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1999 ló kú.

Ọmọ Ìbàdàn: Èmi kò fara mọ́ "olorì" yẹn. Aya ọba ni olorì, ọba ní tirẹ̀ kò sì sọ akọ tàbí abo lédè wa. Ṣebí ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé obìnrin ni Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ tó jọba? Ẹ dé ẹni méjì ládé, kí ẹ pe àwọn méjèèjì ní ọba.

Aláwàdà: Ọba méjì, àga kan! Ta ni yóò wá dìde fún ta ni?

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Aṣọ òkè ńkọ́? Agbádá bàbá mi ni mo fẹ́ fi jó, kì í sì í ṣe kóòtù dúdú.

Onígáùn: Agbádá pé, ìró àti bùbá pẹ̀lú gèlè náà pé. Àìmúra ni mo ń bá wí. Mo tún un sọ: KÍ GBOGBO ÈNÌYÀN MÚRA.

Àbúrò Wọn: Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn ọ̀dọ́ transgender ṣe prom tiwọn ní Washington, níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà gan-an. Àwọn tó ń ṣòfin lé wọn lórí ni wọ́n fi ijó náà dá lóhùn. Bí àwa bá wá ṣòfin aṣọ fún ara wa, kí ni a rí kọ́ nínú rẹ̀?

Ará Nàìjíríà: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ àwòrán ńkọ́? Mò ń lọ sílé ní Kérésì, òfin 2014 tó de ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin níbẹ̀ sì ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún ẹni tó bá wà nínú irú ẹgbẹ́ tí wọ́n lè ka tiwa sí. Ẹ fún àwa tí a kò fẹ́ fọ́tò ní ríbọ́nù pupa, kí ayàwòrán lè mọ̀ wá lókèèrè.

Olùbéèrè: A gbọ́ ti ríbọ́nù, yóò wà. Ẹ jọ̀ọ́, Jímọ̀ tàbí Sátidé? Ọ̀la ni òtẹ́ẹ̀lì ń retí èsì wa.

Onígáùn: Àbúrò, kí ni ìwọ̀n àyà rẹ? Kóòtù tí mo fi ń lọ síbi ìgbéyàwó nígbà tí ayé ń pè mí ní ọkùnrin ṣì so kọ́ sílé, ó mọ́ tónítóní. Èmi kò yí ọ̀rọ̀ mi padà o.

Àbúrò Wọn: 38 ni, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà kò yí tèmi padà. Ẹ bá mi mú un dání.