Yanrìn Ọ̀sà Èkó Lè Tán

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó ni ó gbà pé yanrìn inú ọ̀sà kò lè tán láéláé. Wọ́n á ní bí a bá wa tọdún yìí, òjò yóò rọ̀, odò yóò kún, yóò sì gbé òmíràn wá dípò rẹ̀. Ẹni tí ń kọ́lé kì í sì í bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, níwọ̀n ìgbà tí típà bá ti da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, ó sì ń pa wá lára.

Karimah Ashadu, oníṣẹ́ ọnà àti olùdarí fíìmù tí wọ́n bí sí London ní 1985 ṣùgbọ́n tí ó dàgbà ní Nàìjíríà, gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Biennale ti Venice ní 2024 fún Machine Boys, fíìmù rẹ̀ lórí àwọn ọlọ́kadà. Ní tèmi, Lagos Sand Merchants tí ó ṣe ní 2013, lórí àwọn tí ń fi yanrìn jẹun, ni ó yẹ kí ará Èkó kọ́kọ́ wò, nítorí ẹni tí ó bá ti fara balẹ̀ wo òógùn tí ó wà nídìí iṣẹ́ yìí kò ní pe yanrìn ní ohun ọ̀fẹ́ mọ́. Lórí ọ̀sà wa, ọkùnrin kan á fi àkàbà sọ̀ kalẹ̀ sínú omi dúdú tòun ti korobá rẹ̀, á rì, á bu yanrìn nísàlẹ̀, ẹnìkejì rẹ̀ á gbà á lókè, títí omi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ọkọ̀, kí wọ́n tó ta ìgbòkun alábùlẹ̀ wọn padà sí èbúté.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ: odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun ń gbé yanrìn wá sínú ọ̀sà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti 1983 ni ìdídò Ọyán ti wà lórí ọ̀kan nínú àwọn odò tí ń ṣàn sínú Ògùn, níbi tí omi bá sì ti dúró, yanrìn inú rẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀ ni, kò ní dé Èkó. Àwọn tí ń fi korobá bu yanrìn nìkan kọ́ ni wọ́n sì wà lórí omi. Ẹ̀rọ tí ń fa yanrìn kì í mí, kì í sì í sinmi. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 50 yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni aráyé ń lò lọ́dún. Ti aṣálẹ̀ kò lè gbà wá, nítorí atẹ́gùn ti yí i títí ó fi ń dán, kì í di sìmẹ́ǹtì mú dáadáa. Iyọ̀ inú ti òkun sì ń jẹ irin ilé bí wọn kò bá fọ̀ ọ́.

Ẹni tí kò bá tíì gbà, kí ó wo Bar Beach, etíkun Victoria Island. Láàárín 1908 sí 1912 ni wọ́n kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu òkun Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọlé. Yanrìn tí ìgbì ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn létí òkun dúró sí ẹ̀yìn ògiri náà, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach, tí ó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, láti ọdún dé ọdún. Bí yanrìn bá ń padà fúnra rẹ̀ bí a ṣe ń sọ, etíkun náà ì bá ti padà sípò. Dípò bẹ́ẹ̀, yanrìn tí wọ́n fi ẹ̀rọ fà láti ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n fi dí i kí ìlú tuntun Eko Atlantic tó lè wà níbẹ̀.

N kò sọ pé kí wọ́n lé àwọn tí ń fi korobá bu yanrìn. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí ìjọba wọn iye tí odò ń gbé wọlé lọ́dún kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni níwèé àṣẹ láti fi ẹ̀rọ fa yanrìn, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ jìnnà sí bèbè àti sí ibi tí àwọn apẹja ń dẹ àwọ̀n. Bí ìsàlẹ̀ ọ̀sà bá ń jìn sí i, ẹ̀rọ á kàn na páìpù gígùn ni, ṣùgbọ́n àkàbà àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn kò ní tó o mọ́.