Owó NELFUND ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ẹnì kankan l'Ábújà

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí, ní ṣọ́ọ̀bù Àlájà kan tó ń ta próvísàn ní Tanke, n'Ílọrin níbí. Owó ilé-ìwé ọmọ ẹ̀ ti há wọn, mo wá bi í pé ṣé ọmọ náà ti forúkọ sílẹ̀ fún NELFUND, loan tí ìjọba àpapọ̀ ń yá àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ni. Àlájà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ta la mọ̀ l'Ábújà?" Oníbàárà tó wà níbẹ̀ náà gbè é lẹ́sẹ̀, pé tí èèyàn ò bá lẹ́ni lókè, kó má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Láti Ọ̀fà dé Òmù-Àrán, òun náà ni wọ́n ń sọ, ẹ bi ẹni tó ń sọ ọ́ bóyá ó ti fojú kan fọ́ọ̀mù náà rí, á ní rárá, ẹnì kan ló sọ fóun.

Fọ́ọ̀mù ọ̀hún nìyí: wọ́n máa bi ọmọ ní NIN, nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà matric, BVN àti nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì ẹ̀. Ẹ tú u lókè, ẹ tú u nísàlẹ̀, kò síbi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ kọ orúkọ onídùúró sí. Òfin àkọ́kọ́ tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní June 2023 ló ní ìyẹn nínú. Onídùúró méjì ni wọ́n fẹ́, bíi òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé level 12 tàbí lọ́yà tó ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ láti ọdún 10, wọ́n tún ní owó tó ń wọlé fún ẹbí ọmọ náà lọ́dún ò gbọdọ̀ tó 500,000 náírà. Ariwo pọ̀ lórí ẹ̀, ó sì tọ́ kó pọ̀, torí ọmọ ta ló fẹ́ rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ méjì ní Ṣàárẹ́? Ṣùgbọ́n wọ́n ti fagi lé e. 3 April 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun, onídùúró ti kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ 500,000 náà ti kúrò níbẹ̀. Òfin tó ti kú lẹ ṣì fi ń dẹ́rù bọmọ.

Owó ilé-ìwé yẹn gan-an, kì í dé ọwọ́ ọmọ, inú àkáǹtì ilé-ìwé ni NELFUND ń san án sí tààrà. 20,000 náírà tí wọ́n fi ń jẹun lóṣooṣù nìkan ló ń wọ àkáǹtì ọmọ, ìyẹn tó bá ti mú un nígbà tó ń kọ fọ́ọ̀mù. Èèyàn yín tó wà l'Ábújà, kí ló fẹ́ gbé fún yín níbẹ̀?

Bàbá wa, bíríkìlà ni. A ò mọ kánsẹ́lọ̀, ká má tíì sọ sẹ́nétọ̀. Àbúrò mi jókòó sílé, ó fi fóònù ẹ̀ kọ ọ́, kò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kò yá o, mi ò ní purọ́, torí ilé-ìwé wọn ò tètè fi orúkọ àwọn ọmọ ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan sì ni alert dé lálẹ́ ọjọ́ kan tá a ti gbàgbé ẹ̀. Àwọn tí mo bá kọ lẹ́yìn ẹ̀ ládùúgbò náà, tí tiwọn bá ti há, ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Ẹ ṣáà mọ tiwa n'Ílọrin níbí, ọmọ kan náà á jẹ́ Abdulrasaq ní JAMB, á jẹ́ Abdul-Razaq nínú NIN, tó bá dé báǹkì á wá di Razak. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni gbogbo wọn. Ọmọ á wá sọ fún ìyá ẹ̀ pé wọn ò mú òun torí àwọn ò lẹ́nì kan.

Ẹ má tún sọ fún mi pé ọmọ gómìnà kan gbà á, bàbá kan báyìí náà gbà á. Bóyá ẹnì kan ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lóòótọ́, Nàìjíríà la wà. Ìyẹn ò ní kí tiyín má wọlé.

Àwọn tó ń pè é ní ribá náà, kò lélé rárá, iye tí wọ́n yá ọmọ ló máa dá padà, ó sì di ọdún méjì lẹ́yìn tó bá sin ìjọba tán, tó bá ti ríṣẹ́, wọ́n á máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ẹ̀. Ẹ̀yin tọ́mọ yín wà ní yunifásítì aládàáni bíi Al-Hikmah tàbí Landmark ni kò kàn, ilé-ìwé ìjọba nìkan ló wà fún, kò sì sí èèyàn tẹ́ ẹ mọ̀ tó lè yí ìyẹn padà.

Àwọn tó ń jẹun lórí ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, àwọn tó ń jókòó níwájú ọgbà ilé-ìwé tí wọ́n ń sọ pé àwọn lẹ́ni lọ́hùn-ún, ẹ mówó wá. Ẹ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ wo nǹkan tí wọ́n ń tẹ̀, fọ́ọ̀mù tọ́mọ yín lè fi fóònù ẹ̀ kọ lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni wọ́n ń bá a kọ.