Ẹ yéé fi ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin nìkan rántí Catherine ti Aragon

Bí a bá ti dárúkọ Catherine ti Aragon, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ò ju pé Ọba Henry Kẹjọ ti England kọ̀ ọ́ nítorí pé kò bí ọkùnrin. Ó máa ń dùn mí.

Ọmọ ọba Sípéènì ni. Ọdún 1501 ló fẹ́ Arthur, ẹ̀gbọ́n Henry, àmọ́ oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Arthur kú. Ọmọ ọdún 16 ti di opó nílẹ̀ àjèjì. Ọdún 1509 ni Henry tó ṣú u lópó.

Ọdún 1513 ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ máa sọ. Henry lọ jagun nílẹ̀ Faransé, ó fi ìlú sọ́wọ́ aya rẹ̀. Àwọn ará Scotland rò pé ilé ti dá, ni wọ́n bá ya wọlé. Lóòótọ́, ìjòyè England tí wọ́n ń pè ní Earl ti Surrey ló ṣáájú ogun, ṣùgbọ́n Catherine ló ń wá ọmọ ogun àti ohun ìjà, òun fúnra rẹ̀ sì gbéra, ó kọrí sí àríwá. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n pa James Kẹrin, ọba Scotland, ní Flodden. Catherine fi ẹ̀wù ọba náà ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀. Ṣé obìnrin tí a kàn ń káàánú nìyẹn?

Ó sin ọmọ títí. Mary nìkan ló yè. Nígbà tí Henry wá ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n kò tọ́ sí òun, wọ́n gbẹ́jọ́ dé Blackfriars ní London ní 1529. Catherine kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ níwájú gbogbo ilé ẹjọ́, ó ní wúńdíá ni òun nígbà tó fẹ́ òun. Ó dìde, ó jáde. Wọ́n pè é títí, kò padà.

Àwọn kan ní agídí ni, pé kó ti gbà kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn sísítà Àgùdà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kì í ṣe aya, ó ti sọ ọmọ rẹ̀ di ọmọ àlè nìyẹn; ọmọ tó tìtorí rẹ̀ ní kí Juan Luis Vives, ọ̀mọ̀wé ará Sípéènì, kọ̀wé lórí ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin! Wọ́n padà pe Mary ní ọmọ àlè, àmọ́ kì í ṣe ẹnu ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọ́n ya ìyá àti ọmọ nípá ní 1531, wọn ò sì fojú kanra mọ́ títí Catherine fi kú ní Kimbolton ní 1536.

Ọdún 1553 ni Mary gorí ìtẹ́, obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ládé láti fúnra rẹ̀ ṣàkóso England. Iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni mo kà á sí.