Kò sẹ́ni tó ń fi àféèrí pòórá

Bí olè bá sá wọ àárín èrò ní Ọjà Ọba l'Ádó-Èkìtì tí wọn ò rí i mú, kò ní í pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ ọ́: "Àféèrí ló lò." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Àwọn tó ń lé e á padà sídìí ọjà wọn, ẹni tí wọ́n jà lólè á káwọ́ lérí, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ọ̀nà tí olè gbà jáde, ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà yẹn, tàbí aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi epo bọyọ̀: kò sí ẹni tó ń fi oògùn pòórá. Kò sí láyé àwọn baba wa, kò sí lónìí.

Mo mọ̀ pé inú á bí àwọn kan. Èkìtì kì í fi ọ̀rọ̀ ọdẹ àti Ògún ṣeré. Ire-Èkìtì tó jẹ́ ìlú Ògún, ilé wa ni. Mi ò sọ pé ewé ò ṣiṣẹ́, mi ò sì sọ pé ọfọ̀ ò dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn dúró síwájú ẹni kó má hàn, ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ nìyẹn, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í gbọ́ ọfọ̀.

Kí ni rírí? Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sára nǹkan, ó ta padà, ó wọ ẹyinjú wa. Ẹni tó bá fẹ́ di àìrí, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ara rẹ̀ kọjá láìta padà, láìyà bàrá, láìju òjìji sílẹ̀. Ẹ lè fojú ara yín rí nǹkan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú test tube láàbù, irú èyí tí iná kì í tètè fọ́, ẹ bu òróró sínú rẹ̀, kí ẹ tì í bọ inú ife tó kún fún òróró kan náà. Apá tó wà nínú òróró á lọ mọ́ yín lójú, ẹnu rẹ̀ tó yọ sókè nìkan lẹ ó máa rí, bí ẹni pé nǹkan kan ò gbé e dúró. Ìdí rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tó ń sáré nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú òfìfo máa ń falẹ̀ tó bá wọ gíláàsì, ibi tó ti ń yí eré padà yẹn ló ń jẹ́ kí etí gíláàsì máa dán. Nínú òróró àti nínú irú gíláàsì yẹn, eré rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bí 204,000. Kò mọ ìgbà tó jáde nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, ojú wa náà ò sì mọ̀.

Ẹ wá wo ara ènìyàn: egungun, ẹ̀jẹ̀ pupa, ẹ̀dọ̀, iyán tó jẹ láàárọ̀ tí kò tíì dà. Ewé wo la fẹ́ lọ̀ mọ́ ọṣẹ dúdú tí gbogbo ìyẹn á fi mọ́ gaara? Ẹ̀dá tó sún mọ́ ọn jù tí mo mọ̀ ni àwọn ọ̀pọ̀lọ́ kéékèèké kan nínú igbó Gúúsù àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, tí ara wọn dà bíi gíláàsì. Ní 2022, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí i pé tí wọ́n bá ń sùn, wọ́n máa ń kó nǹkan bí ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ fi pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀. Gbogbo làálàá yẹn, síbẹ̀ ẹyinjú wọn ṣì ń hàn kedere.

Ọ̀rọ̀ ẹyinjú yìí ló tiẹ̀ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ojú ń ríran nítorí pé awọ tín-ín-rín kan wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún tó ń gbá ìmọ́lẹ̀ mú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ibẹ̀ kọjá bíi pé kò sí nǹkan kan, ojú yẹn ò lè rí nǹkan kan. Ìyẹn ni pé ẹni tí àféèrí rẹ̀ bá jẹ́ ojúlówó, afọ́jú lójú ẹsẹ̀. Olè tí ẹnikẹ́ni ò rí, tí òun náà ò wá rí àpótí owó!

Àwọn òyìnbó náà ti wá a. Ní 2006, John Pendry ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀, David Smith àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Duke University ní Amẹ́ríkà sì ṣe ohun kan tó ń darí ìgbì gba ẹ̀gbẹ́ kóró bàbà kékeré kan kọjá. Àwọn ìwé ìròyìn pariwo pé aṣọ àféèrí dé. Irọ́! Ìgbì máíkíróweefù, irú èyí tó ń gbé oúnjẹ gbóná, ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, kódà kò dára tán fún ìyẹn gan-an. Ẹni tó bá wà nínú yàrá yẹn á rí kóró bàbà náà kedere.

Ẹ̀rí tí wọ́n sábà máa ń gbé síwájú mi ni ti àwọn jagunjagun wa. Wọ́n ní nígbà ogun Kírìjì, akọni á yìnbọn tán, ọ̀tá á wojú ibi tó wà, kò ní í rí ẹnikẹ́ni. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí lójú ọ̀tá. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ń kì sínú ìbọn ṣakabùlà nígbà yẹn, èéfín funfun rẹ̀ sì nípọn: bí ìbọn bá ti dún, èéfín ti bo ẹni tó yìn ín nìyẹn. Tó bá fi ìgbésẹ̀ mẹ́wàá kúrò níbẹ̀ kí èéfín tó ká, ẹ wá sọ fún mi ohun tí ọ̀tá máa rí. Ó ku ìbéèrè kan tí mi ò rẹ́ni dá mi lóhùn. Láti 1877 tàbí 1878 ni ogun yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ọdún 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, àwọn ọmọ ogun ò sì tú ká tán títí di 1893. Ìbàdàn ní oògùn, Èkìtìparapọ̀ ní oògùn. Ohun tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó sáré fi ránṣẹ́ sílé ni ìbọn ìgbàlódé, èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn, tó ń yìn kíá ju ṣakabùlà lọ. Ta ló ń náwó báyẹn sórí ìbọn bó bá ní àféèrí nílé?

Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé irọ́ ni àwọn tó ní "mo rí i, mi ò tún rí i mọ́" ń pa. Púpọ̀ nínú wọn ń sọ òtítọ́. Ojú wọn ni wọ́n fọkàn tán jù.

Ẹ dúró díẹ̀ ná. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí àtàǹpàkò méjèèjì nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ di ojú òsì. Ẹ fi ojú ọ̀tún tẹjú mọ́ àtàǹpàkò òsì, ẹ má ṣe gbé e kúrò níbẹ̀, kí ẹ wá rọra máa gbé ọwọ́ ọ̀tún lọ sápá ọ̀tún. Tó bá lọ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, orí àtàǹpàkò ọ̀tún á pòórá. Ẹ tún gbé e síwájú díẹ̀, á yọ padà. Ibi tí iṣan ojú ti gba ẹ̀yìn ẹyinjú jáde lọ sí ọpọlọ kò ní ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Edme Mariotte ará Faransé ti fi hàn láti sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún. Ihò yẹn wà lójú gbogbo wa, ọpọlọ ló ń bá wa lẹ̀ ẹ́ pa, a ò sì mọ̀.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ti ọkàn. Ní 1999, Daniel Simons àti Christopher Chabris fi fídíò kan han àwọn ènìyàn, wọ́n ní kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí àwọn kan ju bọ́ọ̀lù síra wọn. Ẹnì kan gbé aṣọ ìnàkí wọ̀, ó rìn gba àárín àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù kọjá. Bí ìdajì àwọn tó ń wò ó ni kò rí ìnàkí kankan. Ẹ lè ní torí pé aláìmọ̀kan ni wọ́n. Ó dáa: ní 2013, àwọn onímọ̀ mìíràn há àwòrán ìnàkí mọ́ inú àwòrán ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n gbé e fún dókítà 24 tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni wíwo irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ogún nínú wọn ò rí i, bẹ́ẹ̀ ó fi ìlọ́po 48 tóbi ju kókó tí wọ́n ń wá lọ. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ojú wọn sì fi hàn pé ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn bọ́ sórí ìnàkí náà gan-an.

Ẹ wá padà sọ́jà. Èrò ń lé olè, gbogbo wọn ń wá "ọ̀dọ́kùnrin oní fìlà pupa tó ń sáré". Ó yà lẹ́bàá àwọn tó ń ta ata, ó ju fìlà sábẹ́ tábìlì, ó dẹ́kun eré, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ síwájú: "Ọ̀hún ló gbà! Ẹ mú un!" Ó ti pòórá nìyẹn. Oògùn kankan ò sí ńbẹ̀.

Àwọn ọdẹ mọ gbogbo èyí ju onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ, wọn ò kàn ní í là á fún yín ni. Mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n kan wọ igbó lóru nítòsí Ẹ̀fọ̀n. Iná wà níwájú orí rẹ̀. Nígbà tí ojú ẹtu tan yànràn lókèèrè, ó dúró, ó bu eérú fínńfín nínú àpò, ó jẹ́ kó máa dà sílẹ̀ níwájú iná, ó ń wo ibi tí atẹ́gùn ń gbé e lọ.

Mo rọra bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò rí wa ni?"

"Iná ló ń rí. Ta ló lè rí ẹni tó wà lẹ́yìn iná? Imú ẹ̀ ni kó o bẹ̀rù."

A yí po, a gba ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹran wá bá wa. Àwọn tí wọ́n jọ ń mu ẹmu nílùú á sọ fún yín pé àféèrí bàbá rẹ̀ ló jogún. Tí wọ́n bá ń sọ ọ́, ẹ̀rín músẹ́ ló máa ń rín. Èwo ni tirẹ̀ láti bọ́ agbádá iyì kúrò lọ́rùn ara rẹ̀?

Ibi tí mi ò ti lè bá wọn rẹ́rìn-ín ni ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé. Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì nílẹ̀ wa lágbègbè Ìkọ̀lé. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n kó àwọn ọmọ iléèwé l'Émùré. Ariwo tó gba orí fóònù kan ni pé àwọn èèyàn yìí ní àféèrí, pé kò sẹ́ni tó lè rí wọn. Igbó wa bá Kwara àti Kogi pààlà, ó gbòòrò, ewé rẹ̀ dí, ọ̀nà ẹsẹ̀ inú rẹ̀ ò lóǹkà. Ìyẹn tó ẹni í sá pamọ́ sí. Ẹni tó ń sá pamọ́ á mumi, á dáná, á ra káàdì fóònù, á ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹnì kan. Àgbẹ̀ tó bá gbà pé ẹ̀mí àìrí ni wọ́n, kò ní í ka bàtà tó tẹ ẹrẹ̀ lẹ́bàá oko rẹ̀ kún, kò sì ní í sọ fún Àmọ̀tẹ́kùn.

Ní ti àwọn tó ń tà á, ẹ fetí sí èèwọ̀ rẹ̀: o ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn, o ò gbọdọ̀ fo odò, obìnrin ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, o ò gbọdọ̀ dán an wò láìnídìí. Bí wọ́n bá rí ọ mú, ìwọ lo ba tìẹ jẹ́. Oògùn ò jẹ̀bi láé. Èmi bi ọ̀kan nínú wọn bóyá á lè gbé e wọ̀ kó dúró síwájú kámẹ́rà fóònù mi. Ó ní kámẹ́rà ò lẹ́mìí, pé ojú ènìyàn nìkan ni tòun ń mú. Mo ní ó dáa, èmi ènìyàn rèé, kó dúró síwájú èmi. Ó ní kí n kọ́kọ́ san owó ewé.